uBlock Origin, uBlock Origin Lite, Adblock Plus àbí Privacy Badger: èwo ni kẹ́ ẹ fi sórí búráósà yín?

Àfikún ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohun kékeré tá a máa ń fi kún búráósà, ìyẹn ètò tá a fi ń ṣí sáìtì bíi Chrome àti Firefox, kó lè dí ìpolówó tàbí àwọn tó ń ṣọ́ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ibi tí mò ń lọ torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń kánjú. Tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù tàbí fóònù Android lẹ̀ ń lò, ẹ fi Firefox sórí ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi uBlock Origin sí Firefox náà. Tó bá jẹ́ pé Chrome ni dandan fún yín, uBlock Origin Lite ni kẹ́ ẹ mú. Àwọn méjì yòókù níwúlò tiwọn, màá sọ ọ́, àmọ́ àwọn kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ nà sí ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan lẹ wá gbọ́, ó ti parí nìyẹn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ìdí ẹ̀, ẹ jókòó tì mí díẹ̀.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù tá a ti ń tẹ ìwé, tá a ti ń ṣe fọ́tókọ́pì, tá a ti ń bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní Ìbàdàn níbí. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan ìyá kan mú ọmọ ẹ̀ wá, wọ́n fẹ́ dáńlóòdù ìwé PDF kan, ọmọ náà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, èmi ń gé ìwé lọ́wọ́. Ó ní, “Àǹtí, wọ́n kọ dáńlóòdù sí ibi mẹ́ta o, èwo ni kí n tẹ̀?” Mo bojú wo ibẹ̀: bọ́tìnnì gíríìnì mẹ́ta, ńlá ńlá, ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀. Kò sí òótọ́ kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́tà búlúù tín-ín-tín kan tó wà lábẹ́ orúkọ ìwé náà ni ojúlówó, ojú ò tiẹ̀ lè tètè rí i. Kí n tó ní “má tíì tẹ nǹkan kan”, ó ti tẹ ti àárín, nǹkan kan tí orúkọ ẹ̀ parí sí .exe, irú ètò tó lè gbé fáírọ́ọ̀sì wá, sì ti wọlé sórí kọ̀ǹpútà mi. Ìyá náà ń bẹ̀ mí, “Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ọmọ ò mọ̀ ni.” Bẹ́ẹ̀ ọmọ ò ṣẹ̀ mí rárá, ẹni tó gbé bọ́tìnnì irọ́ síwájú ọmọ ọlọ́mọ ló ṣẹ̀. Mo pa nǹkan yẹn rẹ́, mo bá wọn dáńlóòdù èyí tó jẹ́ òótọ́, àmọ́ inú mi ò dùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dán àwọn àfikún yìí wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí mo ṣe dán wọn wò

Mi ò gbára lé ìràwọ̀ márùn-ún táwọn èèyàn ń fún wọn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo mú sáìtì ìròyìn kan tá a máa ń ṣí lójoojúmọ́, ọ̀kan tí ìpolówó kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, mo ṣí i láìsí àfikún kankan, mo tẹ F12, mo lọ síbi tí wọ́n kọ Network sí, mo máàkì Disable cache kó má baà lọ máa lo ohun tó ti tọ́jú láti àná, mo wá tún péèjì náà ṣí. Nísàlẹ̀ pátápátá ó máa sọ iye nǹkan tí péèjì yẹn lọ bèèrè fún àti iye MB tó jẹ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Mo wá fi àfikún kan sí i, ọ̀kan ṣoṣo o, mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta torí ìpolówó kì í jẹ́ bákan náà nígbà gbogbo, mo yọ ọ́, mo fi èkejì sí i. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe é lórí sáìtì tẹ́ ẹ̀ ń lò, nọ́ńbà tiyín ló yẹ kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Ẹ kàn má fi méjì tó ń dí ìpolówó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n máa ń kọ lu ara wọn, ẹ ò sì ní mọ èwo ló ṣiṣẹ́, èwo ló ń ba sáìtì jẹ́.

Ẹni tó bá ti ra dátà láti January 2025, tí NCC fọwọ́ sí i pé káwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi owó lé e títí dé 50%, á mọ̀ pé MB tí ìpolówó ń jẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Owó wa ni wọ́n fi ń polówó fún wa, a ò sì bẹ̀ wọ́n.

Ohun kejì tí mo wò ni bóyá bọ́tìnnì irọ́ yẹn ṣì máa hàn. Ohun kẹta ni mi ò kọ́kọ́ kà sí, òun ló wá di pàtàkì jù lójú mi báyìí: ta ló ni àfikún náà, kí lẹni yẹn ń jẹ?

uBlock Origin

Raymond Hill ló ṣe é, 2014 ló jáde. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lọ kà á. Kò gba ọrẹ owó, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò wá ọrẹ kankan, tó bá ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ rántí àwọn tó ń tọ́jú lísítì tí àfikún náà ń lò.

Lísítì yẹn gan-an ni gbogbo iṣẹ́ ẹ̀. EasyList ni wọ́n mọ̀ jù nínú wọn. Àwọn èèyàn jókòó, wọ́n ń kọ àdírẹ́sì àwọn tó ń gbé ìpolówó àtàwọn tó ń ṣọ́ wa káàkiri síbẹ̀, tí péèjì tẹ́ ẹ ṣí bá fẹ́ lọ bèèrè nǹkan lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wọn, uBlock Origin á ti dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà kó tó jáde. Ìdí nìyẹn tó fi ń dín dátà kù lóòótọ́, kì í ṣe pé ó máa gbé ìpolówó náà wọlé tán kó tó wá fi aṣọ bò ó.

Nígbà tí mo fi sí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, sáìtì bọ́tìnnì gíríìnì yẹn ni mo kọ́kọ́ padà sí. Àfi bíi pé wọ́n gbálẹ̀ ibẹ̀. Lẹ́tà búlúù tín-ín-tín yẹn nìkan ló kù láàárín péèjì, ọmọ ọdún mẹ́wàá á rí i. Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi kó wá wò ó, ó ní, “Àṣé ibí ló wà látijọ́ yìí!”

Nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti ń lò ó tipẹ́ ò mọ̀, òun sì ni mo fẹ́ràn jù. Tẹ́ ẹ bá tẹ àwòrán apata pupa yẹn, tẹ́ ẹ wá fẹ àpótí tó yọ síta yẹn títí dé ìsàlẹ̀, ẹ máa rí àwọn bọ́tìnnì wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ kan lórí ìlà. Ọ̀kan nínú wọn máa ń dá àwòrán àti fídíò tó bá tóbi dúró lórí sáìtì yẹn nìkan. Iye tó kà sí ńlá, 50 KB ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ lè lọ yí i sí 100 tàbí iye tó bá wù yín nínú sẹ́tíǹsì ẹ̀. Ibi tí àwòrán ìbá wà á ṣófo, èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí, ẹ tẹ̀ ẹ́, òun nìkan á wọlé. Lọ́jọ́ tí dátà bá ti ń lọ sópin, tí nẹ́tíwọọ̀kì ń fà bí ìgbín, èyí nìkan la fi ń rí ìròyìn kà. Òmíràn wà lórí ìlà yẹn tó máa ń pa JavaScript sáìtì yẹn, ìyẹn kóòdù tó ń mú kí péèjì máa ṣe oríṣiríṣi nǹkan, ìyẹn le díẹ̀ torí sáìtì mìíràn ò ní ṣí rárá láìsí i, àmọ́ fún ìròyìn tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, ó ń yára gan-an.

Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan tó ń dà yín láàmú lójú péèjì tí lísítì ò mọ̀ ọ́n, bí àpótí “ẹ wá darapọ̀ mọ́ wa” tó máa ń fò jáde nígbà tẹ́ ẹ bá ń kàwé dé ibi tó dùn, ẹ tẹ ibẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì, ẹ yan Block element, ẹ fi han án, kò ní padà wá mọ́.

Mo fún un ní 9.5 nínú 10. Ìdajì tí mo yọ yẹn kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀, Chrome ni kò gbà á mọ́. Google yí òfin tí àfikún ń tẹ̀ lé padà, Manifest V3 ni wọ́n ń pè é, láti 2024 ni wọ́n ti ń pa àwọn àfikún tó ń lo òfin àtijọ́ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó fi máa di àárín 2025, uBlock Origin ti kúrò lórí Chrome. Firefox ò ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣì fi àyè ti àtijọ́ sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ kíyè sí orúkọ o! Àfikún mìíràn wà tó ń jẹ́ uBlock lásán, kò ní Origin lára. Ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá, àmọ́ wọ́n ti pínyà láti 2015, ilé iṣẹ́ AdBlock (kì í ṣe Adblock Plus) sì ra èyí tí kò ní Origin ní 2018, òun náà wá ń jẹ́ kí àwọn ìpolówó kan kọjá. Ẹ wo orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

uBlock Origin Lite

Ẹni kan náà ló ṣe é, fún Chrome àtàwọn tó ń tẹ̀ lé òfin tuntun yẹn. Ìyàtọ̀ wọn rèé: Origin ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà fúnra ẹ̀, ó ń wo ẹni tó ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ronú lé e lórí. Lite ò láṣẹ láti dúró níbẹ̀, ńṣe ló máa fi ìwé òfin lé Chrome lọ́wọ́, Chrome ló máa wá dá àwọn tó wà nínú ìwé náà dúró. Torí náà tí àwọn onípolówó bá yí àdírẹ́sì wọn padà lónìí, Origin lè gba lísítì tuntun lónìí náà, àmọ́ Lite ní láti dúró dìgbà tí àfikún náà fúnra ẹ̀ bá gba àpúdéètì.

Èrè wà nínú ẹ̀ náà o. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ mẹ́mórì rárá torí kì í ṣe òun ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí mo ní ti darúgbó, RAM ẹ̀ kéré, Chrome ló sì bá iṣẹ́ kan tá à ń ṣe lórí ẹ̀ mu, Lite ni mo fi sí i, kò sì yọ wá lẹ́nu. Ó ní ìpele mẹ́ta, basic, optimal àti complete. Ẹ fi sí optimal, tí sáìtì kan bá ṣorí kunkun, ẹ gbé sáìtì yẹn nìkan lọ sí complete.

7.5 nínú 10. Bọ́tìnnì gíríìnì yẹn kò hàn. Ìpolówó mìíràn máa ń yọ́ kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Adblock Plus

Òun ni orúkọ ẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, Wladimir Palant ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2006, eyeo, ilé iṣẹ́ kan nílùú Cologne ní Jámánì, ló ń bójú tó o báyìí. Ó rọrùn láti lò, kò ní bọ́tìnnì wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó ń dẹ́rù ba èèyàn, EasyList yẹn lòun náà ń lò, bẹ́ ẹ bá sì ti fi sí i tán, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń bá a jà ni pé láti 2011 ni wọ́n ti ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Acceptable Ads, ìpolówó tí wọ́n ní kò burú. Ètò yẹn wà ní títàn látìgbà tẹ́ ẹ bá ti fi í sórí búráósà yín, ẹ̀yin lẹ máa wá a lọ pa. Àwọn sáìtì kéékèèké kì í sanwó kí ìpolówó wọn tó kọjá, àmọ́ àwọn ńlá ń san. Axel Springer, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ńlá kan ní Jámánì, tiẹ̀ pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí ẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Jámánì sì dá eyeo láre ní 2018. Torí náà kò lòdì sófin o, mi ò pè wọ́n ní olè.

Ohun tí mò ń sọ ni pé, ẹ̀ṣọ́ tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé yín, tó sì ń gbowó lọ́wọ́ àwọn kan tó fẹ́ wọlé, ta ló ń ṣiṣẹ́ fún? Mo mọ èsì tí wọ́n máa fọ̀, wọ́n á ní ìpolówó tí kò pariwo dáa fún àwọn tó ń kọ nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, mo gbà á. Àmọ́ ẹ bi mí kẹ́ ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn mi.

Tẹ́ ẹ bá ti ní in tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ ò sì fẹ́ yí padà, ẹ lọ sínú sẹ́tíǹsì ẹ̀, ẹ yọ máàkì kúrò níwájú Allow Acceptable Ads. Lẹ́yìn ìyẹn ó ṣe dáadáa nínú ìdánwò mi. 6 nínú 10 bó ṣe wá, 7 tẹ́ ẹ bá ti yọ máàkì yẹn.

Privacy Badger

Èyí yàtọ̀ pátápátá, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi í sí i tán kí wọ́n tó wá ní kò ṣiṣẹ́. EFF ló ṣe é, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà, 2014 lòun náà jáde. Kì í bá ìpolówó jà ní tààràtà. Àwọn tó ń tẹ̀ lé yín láti sáìtì kan dé òmíràn ló ń bá jà. Ọgbọ́n tó fi bẹ̀rẹ̀ dùn mọ́ mi: kò ní lísítì ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹni tó bá ti rí tó ń tẹ̀ lé yín ní sáìtì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ti dá a mọ̀, ó máa dí i. Láti 2020 wọn ò jẹ́ kó máa fi ojú ara ẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ lórí búráósà yín mọ́ àfi tẹ́ ẹ bá tàn án, ńṣe ni EFF ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ tiwọn, tí wọ́n sì ń fi ohun tó kọ́ ránṣẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ṣí i, ẹ máa rí orúkọ àwọn tó ń tẹ̀ lé yín tò sílẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ pupa, yẹ́lò àti gíríìnì: pupa ni ẹni tó dí pátápátá, yẹ́lò ni ẹni tí kò jẹ́ kó rí kúkì, fáìlì kékeré tí wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀, fi sórí búráósà yín, gíríìnì ni ẹni tó fi sílẹ̀. Mo máa ń ṣí i han àwọn kọ́sítọ́mà, ẹnu máa ń yà wọ́n.

Ìpolówó tó ń tẹ̀ lé èèyàn á lọ, èyí tó jókòó jẹ́jẹ́ á kù. Bọ́tìnnì gíríìnì? Méjì nínú mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀. Fún ṣọ́ọ̀bù mi, 5 nínú 10. Fún ẹni tí ìpolówó ò yọ lẹ́nu, tí kò kàn fẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ òun, màá fún un ní 8. Tẹ́ ẹ bá ti ní uBlock Origin, ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ nílò ẹ̀ mọ́, púpọ̀ nínú iṣẹ́ ẹ̀ ni ìyẹn ti ń ṣe.

Ta ló ni ín?

Irú àwọn àfikún yìí máa ń bèèrè àṣẹ láti ka gbogbo ohun tó wà lórí gbogbo sáìtì tẹ́ ẹ bá ṣí, kó sì lè yí i padà. Ẹ tún un kà: gbogbo sáìtì. Ti báǹkì wà níbẹ̀, ímeèlì wà níbẹ̀, fọ́ọ̀mù tí ọmọ ọlọ́mọ kọ NIN ẹ̀ sí ní ṣọ́ọ̀bù mi wà níbẹ̀. Kò lè ṣe gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ láìsí àṣẹ yẹn, mi ò ní kẹ́ ẹ má fún un. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ fún.

Torí àfikún dà bí ilé, wọ́n lè tà á láàárọ̀ kí ẹni tó ń gbé inú ẹ̀ má mọ̀. The Great Suspender ni àpẹẹrẹ tó lókìkí jù, àfikún Chrome tó ń mú táàbù sùn kó má baà jẹ mẹ́mórì, àwọn tó ń lò ó lé ní mílíọ̀nù méjì. Ẹni tó ṣe é tà á ní 2020, ní oṣù Kejì 2021 Google pa á lórí búráósà gbogbo èèyàn, wọ́n ní kóòdù burúkú ti wà nínú ẹ̀. Èmi náà ti rí kékeré nínú irú ẹ̀, àfikún kan tó ń sọ ojú péèjì di dúdú lálẹ́, ó dáa fún oṣù bíi mélòó kan, ó gba àpúdéètì lọ́jọ́ kan, láti ọjọ́ náà tá a bá ti wá nǹkan lórí Google, a máa ń kọ́kọ́ bá ara wa ní sáìtì tẹ́tẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ro pé fáírọ́ọ̀sì ni, àṣé èmi ni mo fọwọ́ ara mi fún un láṣẹ.

Lórí Firefox, ẹ máa wá àmì Recommended lára àfikún, àwọn tó ní in ni èèyàn gidi ń yẹ̀ wò ní gbogbo ìgbà tí àpúdéètì bá jáde. uBlock Origin àti Privacy Badger ní in. Lórí Chrome, àfikún tí kì í ṣe ti ìpolówó, tẹ́ ẹ kàn ń lò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ lè yí àṣẹ ẹ̀ sí On click, kó má baà rí nǹkan kan àfi ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́.

Fóònù ńkọ́?

Chrome orí Android ò gba àfikún rárá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó yín lórí ìyẹn. Firefox orí Android gbà á, láti oṣù Kejìlá 2023 sì ni wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ àfikún, ẹ tẹ àmì mẹ́nù, ẹ lọ síbi Extensions, uBlock Origin wà níbẹ̀, ti láptọ́ọ̀pù gan-an ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n gé kúrú. Mo fi sí fóònù màmá mi, wọ́n ní, “Ìròyìn wá ń yára ṣí báyìí, kí lo ṣe sí i?” Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo iPhone, Firefox ibẹ̀ ò gba àfikún bẹ́ẹ̀, Safari ni kẹ́ ẹ lò, uBlock Origin Lite ti wà fún un láti 2025.

Tí sáìtì bá kọ̀ tí kò ṣí

Á ṣẹlẹ̀ o. Sáìtì ìsanwó ló máa ń sábà ṣe é, ẹ máa tẹ Pay, kò ní dáhùn. Ẹ má yọ àfikún náà kúrò nítorí ẹ̀. Ẹ tẹ apata pupa yẹn, ẹ tẹ bọ́tìnnì pawà ńlá tó wà láàárín, ẹ tún péèjì ṣí, ó ti pa lórí sáìtì yẹn nìkan nìyẹn, ibi yòókù ṣì wà lábẹ́ ààbò. Lórí Lite, ìpele yẹn lẹ máa gbé wálẹ̀ títí kò fi ní dí nǹkan kan mọ́. Ọ̀nà kan náà ni mo fi ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn sáìtì tó ń kọ ìròyìn lédè Yorùbá tí mo fẹ́ràn, ìpolówó tiwọn ò pariwo, mo fẹ́ kí wọ́n rí owó san fún àwọn tó ń kọ̀wé. Mẹ́rin ni wọ́n lórí kọ̀ǹpútà mi báyìí, mo sì kọ orúkọ wọn sórí bébà kan tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà kí ọmọ iṣẹ́ mi má baà tún wọn tì.